Mọ́tò Pupa Eliécer àti Nọ́ńbà Tí Kì Í Ṣe Tirẹ̀

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, mo bẹ̀ ọ́, má tíì ká a sápò. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ kì í ṣe ọ̀mùtí, kò fọ́lé rí, kò sì na ìyàwó rẹ̀ rí. Ọmọlúàbí ni gbogbo àdúgbò Bosa mọ̀ ọ́n sí. Síbẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kú sínú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí èrò ń wò ó.

Eliécer Pulido ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń gé páànù níbi iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe pátákó ìsọ̀ ní Bogotá, olú ìlú Kòlóńbíà. Lọ́dún tí bàbá rẹ̀ kú, òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta oko ọ̀dùnkún tí bàbá náà fi sílẹ̀ ní ìgbèríko Boyacá, owó tó kàn án sì tó láti fi ra mọ́tò. Mọ́tò kan ni o, kì í ṣe méjì. Àyè mọ́tò kan ṣoṣo náà ni wọ́n sì fún ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú ọgbà ilé tí wọ́n ń gbé.

Nubia ìyàwó rẹ̀ ti ń retí mọ́tò náà tipẹ́. Ilé ìdáná ilé ìwòsàn kan ló ti ń ṣiṣẹ́, lápá àríwá ìlú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni òun àti Yurani ọmọ wọn ti máa ń tò fún bọ́ọ̀sì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà a sì máa sùn lórí ìdúró títí tí wọ́n á fi dé ilé ìwé rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò, méjì ni agbára wọn ká. Ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ eérú, onílẹ̀kùn mẹ́rin, irú mọ́tò tí èèyàn ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ tí kì í dáni dúró lọ́nà. Kò sẹ́ni tó máa yíjú wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì pupa fòò. Ìjókòó méjì péré ló ní, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó wọ inú rẹ̀ á máa wo táyà ọkọ̀ akẹ́rù lójúkojú. Nígbà tí ẹni tó ń tà á ṣáná sí i, ó bú ramúramù, orí Eliécer sì wú.

Nubia kò pariwo. Ó kàn ní, "Bàbá Yurani, mẹ́ta ni wá o."

Eliécer dáhùn pé ọmọ ṣì kéré, ìyá rẹ̀ lè gbé e lé itan. Ó ní ọdún mẹ́rìnlélógún lòun ti fi ń fún ara òun mọ́ inú bọ́ọ̀sì, ṣé òun ò ní jẹ ìgbádùn kan kóun tó darúgbó ni? Ó fọwọ́ sí ìwé mọ́tò pupa. Nubia kò gbà nínú ọkàn rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà níbi iṣẹ́ Eliécer tó ń jẹ́ Abelardo Neuta. Òun ló ń fi ọ̀dà kọ lẹ́tà sára pátákó. Ó fi ọdún mẹ́jọ ju Eliécer lọ, onígbàgbọ́ tòótọ́ sì ni. Nígbà tó gbọ́ pé mọ́tò aláwọ̀ eérú náà ṣì wà, ó lọ rà á. Ilé kejì sí ti Eliécer ló ń gbé, nítorí náà gbogbo ọjọ́ tó bá gbé mọ́tò jáde ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn kí Nubia àti Yurani wọlé, ó ní ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn jọ ń lọ.

Eliécer máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò yín yìí, bí bàtà ilé ìwé ló rí."

"Bàtà ilé ìwé náà ló ń gbé ọmọ dé ilé ìwé," ni Abelardo fi dá a lóhùn. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, Eliécer náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún.

Ẹni tó bá ń gbé Bogotá mọ̀ pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni mọ́tò ń jáde. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lára pátákó ọkọ̀ rẹ ló ń sọ ọjọ́ tí wàá wakọ̀. Bí ìdajì ìlú bá jáde lónìí, ìdajì yòókù á gbélé. Ẹ̀jọ ni ti Eliécer parí sí, ẹ̀ta ni ti Abelardo. Lọ́jọ́ tí mọ́tò pupa bá ní láti sinmi, Eliécer á dúró lójú fèrèsé, á máa wò ó bí ẹni tí wọ́n ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé.

Wọ́n ní ọwọ́ tó dilẹ̀ ni Èṣù ń yá lò. Èmi rí i pé ó ń yá ọwọ́ tó mọṣẹ́ náà lò. Lọ́sàn-án Sátidé kan tí àwọn yòókù ti lọ sílé, Eliécer gé páànù méjì, ó kùn wọ́n ní yẹ́lò, ó sì tẹ nọ́ńbà dúdú sí wọn bí ti ìjọba gẹ́lẹ́. Nọ́ńbà ta ni? Èyí tó ti há sórí ni, èyí tó ń rí nítòsí rẹ̀ lójoojúmọ́, ti Abelardo. Ó sọ fún ọkàn ara rẹ̀ pé òun ò fi pa á lára. Ọjọ́ tí òfin gba Abelardo láyè ni òun náà á máa jáde, ó tán.

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tí Eliécer ti mọ̀ pé orúkọ ẹlòmíràn lòun fi ń rìn, ìbẹ̀rù kúrò lára rẹ̀, ó ń sá eré tí kò jẹ́ sá tẹ́lẹ̀. Kámẹ́rà ojú títì ń ya fọ́tò, ìwé ẹ̀sùn sì ń lọ sílé Abelardo.

Níbi oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ kan, Abelardo já ìwé kan, ó wò ó pẹ́, ó sì ká a sápò. Wọ́n bi í pé kí ló dé. Ó ní wọ́n ní mọ́tò òun sá eré àsápajúdé. Gbogbo ilé oúnjẹ bú sẹ́rìn-ín, mọ́tò wo? Bàtà ilé ìwé yẹn náà?

Abelardo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Eliécer, ó ní, "Àbúrò, ṣé kò sí nǹkan kan tó o fẹ́ bá mi sọ?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Kí ni mo máa ní?"

Ìwé kejì dé, ìkẹta tẹ̀ lé e. Wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ Abelardo fún oṣù mẹ́fà. Mọ́tò aláwọ̀ eérú bẹ̀rẹ̀ sí í kó eruku nínú ọgbà, Nubia àti Yurani sì padà sórí ìlà bọ́ọ̀sì nínú òtútù àárọ̀. Ẹni bá da eérú ni eérú ń tọ̀.

Níbi oúnjẹ alẹ́, Nubia á gbàdúrà lórí ọbẹ̀ ọ̀dùnkún wọn, á sì fi kún un pé kí Ọlọ́run tú àṣírí ìkà tó ń ṣe báyìí sí Ẹ̀gbọ́n Abelardo. Eliécer á ṣe àmín. Kí ni ì bá tún ṣe? Lẹ́yìn náà, á bu oúnjẹ rẹ̀ fún Yurani.

Ó há. Bó bá jẹ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ni; ayédèrú nọ́ńbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtanràn lásán. Bó bá dákẹ́, ojú Abelardo ni yóò máa wò láàárọ̀ lọ́sàn-án. Ó tú pátákó èké náà kúrò lẹ́ẹ̀mẹta, ó búra pé ó parí, kí ọ̀sẹ̀ tó pé ó ti dá a padà. Mọ́tò tó rà fún ìgbádùn, inú rẹ̀ ni ẹ̀rù ti máa ń bà á jù. Bó bá rí ọlọ́pàá, á yà gba ọ̀nà mìíràn. Abelardo pè é wá sí ìsìn wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ọkàn tó bá rẹ̀ ń rí ìsinmi lọ́dọ̀ Jésù. Eliécer ní iṣẹ́ pọ̀.

Oṣù kẹrin ọdún wọlé. Lọ́sàn-án Tọ́sìdeè kan, ojú ọ̀run Bogotá ṣú dẹ̀dẹ̀, yìnyín sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ẹni da òkúta wẹ́wẹ́ sórí páànù. Eliécer wà lójú títì, nọ́ńbà Abelardo lára mọ́tò rẹ̀. Ó kó sábẹ́ afárá kan níbi tí ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Omi ti kún ibẹ̀, yìnyín funfun sì léfòó lórí rẹ̀. Àwọn mọ́tò tó ga díẹ̀ ń rọra wọ́ kọjá lọ, àwọn mọ́tò bàtà ilé ìwé bí ti Abelardo. Mọ́tò pupa dé àárín omi, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Omi dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó tẹ bọ́tìnnì gíláàsì, kò dáhùn. Omi tútù bíi yìnyín wọlé, ó bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gun orúnkún bọ̀. Àwọn èèyàn tó wà lórí afárá ń nawọ́ sí i pé kó pe panápaná. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, iná sì wà lára rẹ̀.

Kò pè. Gbọ́ èyí dáadáa, ìwọ tó ń kàwé yìí. Ọkùnrin náà mọ̀ pé bí panápaná bá dé, ọlọ́pàá á dé, wọ́n á wo nọ́ńbà. Ó jókòó sínú omi, ó ń rò ó bóyá kóun kú ni tàbí kí àṣírí òun tú, ó sì fẹ́ràn ikú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ń tan èèyàn.

Omi dé àyà rẹ̀. Ó rántí Yurani tó ń sùn lórí ìdúró. Igbe bọ́ lẹ́nu rẹ̀, igbe tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nítorí ariwo yìnyín. "Olúwa, èmi ni. Èmi ni mo ṣe é. Ṣàánú mi." Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti gbàdúrà tí kì í ṣe àfẹnujẹ́ kẹ́yìn. Ó gbé fóònù sókè nínú omi, ó pè.

Panápaná fọ́ gíláàsì, wọ́n fi okùn fà á jáde. Ọlọ́pàá kan da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ó ṣàyẹ̀wò nọ́ńbà, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ni Abelardo Neuta?"

Ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè ní òun yá mọ́tò ni. Irọ́ mẹ́rin ló sáré wá sí i lẹ́nu.

"Rárá," ni Eliécer wí. "Ọ̀rẹ́ mi ló ni nọ́ńbà yẹn. Mo jí i."

Wọ́n mú un lọ sí àgọ́, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Abelardo. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ wá, òjò ti pa á dé awọ. Kí ọlọ́pàá tó parí àlàyé, Abelardo ti ní òun mọ̀. Ó fa ìwé àkọ́kọ́ yọ nínú àpò rẹ̀. Fọ́tò wà lára rẹ̀. Mọ́tò pupa hàn nínú rẹ̀ kedere, kò sì sí ẹni níbi iṣẹ́ wọn tí kò ní mọ̀ ọ́n.

Eliécer kò lè gbé ojú sókè. "Láti ọjọ́ yẹn? Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ yín?"

"Bí mo bá fi fọ́tò yẹn hàn wọ́n, wọ́n á wá mú ọ nínú ilé, lójú ọmọ rẹ. Mo ń retí kó o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi."

Eliécer bú sẹ́kún, ẹkún tó le.

Abelardo jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì. Ó ní, "Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó wúwo fún mi. Mẹ́ta péré ni mo gbà nínú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi bínú sí ọ títí láé. Àmọ́ Ẹnì kan wà tó gba gbogbo rẹ̀. Wọ́n kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ sí orúkọ Jésù, kò jiyàn, ó rù ú dé orí igi. Èmi ò lè gbà ọ́ là, àbúrò. Òun lè gbà ọ́. Sọ fún un bó o ṣe sọ fún ọlọ́pàá."

Níbẹ̀, nínú aṣọ tútù, Eliécer kúnlẹ̀. Kò mọ àdúrà tó gún régé. Ó sọ ohun tó ṣe, ó tọrọ ìdáríjì, ó sì fi ara rẹ̀ fún Olúwa. Àlàáfíà tí mọ́tò pupa kò lè fún un wọ ọkàn rẹ̀ lórí ilẹ̀ àgọ́ ọlọ́pàá.

Mi ò ní sọ fún ọ pé ọ̀nà rẹ̀ dán láti ọjọ́ náà lọ. Ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé mọ́tò, adájọ́ sì rán an lọ sẹ́wọ̀n. Nubia bínú, ó sì tọ́ sí i. Ó tó oṣù méjì kó tó wá wò ó. Abelardo gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ padà, ó sì ń gbé ìyá àti ọmọ lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Èmi tí mo ń kọ èyí, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo ti pàdé Eliécer, níbi tí mo ti máa ń pín irú ìwé yìí. Ó ní òun ń sùn dáadáa níbẹ̀, ohun tí òun ò lè ṣe nínú ilé òun fún oṣù márùn-ún.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ńkọ́? Ó lè máà jẹ́ mọ́tò. Ìwọ náà mọ ohun tó o gbé pamọ́ tó o sì ń ṣe àmín lé lórí. O rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹni tó o ṣẹ̀ mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ti san án tán, ó sì ń retí kó o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́.

Má dúró kí omi dé àyà. Níbi tó o wà yìí, kó o tó ká ìwé yìí, sọ òtítọ́ fún Jésù lónìí.