Ìlẹ̀kẹ̀ Tó Ń Gbóná Nínú Àpótí

Orí àga ni wọ́n bá òkú Ìyá ní aago méje àárọ̀, ife tíì tó mu dé ìdajì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò ṣàìsàn. Kò sọ pé orí ń fọ́ òun. Ohun tó ya gbogbo ilé lẹ́nu ni ìlẹ̀kẹ̀ péálì tó wà lọ́rùn rẹ̀. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó Olùkọ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kò sẹ́ni tó tún rí i lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Kí ni Ìyá wá gbé e sọ́rùn fún láàárọ̀ ọjọ́ lásán?

Dókítà ní ọkàn ló dáwọ́ dúró.

"Ọkàn ta ni kì í dáwọ́ dúró tí onítọ̀hún bá kú?" ni ìyàwó Olùkọ́ wí. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun alára kò rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ, ọmọ Ìyá obìnrin, kò sunkún. Ó rán aṣọ tí wọ́n fi sin ìyá rẹ̀, ó gé okùn tó kù, ó sì padà sídìí iṣẹ́ àwọn oníbàárà. Bí wọ́n bá bá a kẹ́dùn, á ní "ẹ ṣeun", ohùn rẹ̀ á dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Tí abẹ́rẹ́ bá gún un níka, ìgbà tó bá rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ló máa ń mọ̀.

Ẹni mẹ́rin ló kù nínú ilé: aránṣọ, tí ọkọ rẹ̀ ti kú; Olùkọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀; ìyàwó Olùkọ́; àti àbúrò Ìyá, obìnrin àgbà tí kò bímọ, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Ìyá Ẹlẹ́yẹ ni àdúgbò ń pè é, torí pé láràárọ̀ ló ń fọ́n èérún búrẹ́dì fún àwọn ẹyẹ lẹ́yìnkùlé. Àwàdà ni orúkọ náà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sẹ́ni tó tún fi ṣàwàdà. Wọ́n á pè é tán, wọ́n á bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ bá mi kà á," ni ìyàwó Olùkọ́ wí nídìí ẹ̀rọ omi, níbi táwọn aládùúgbò ti ń pọn omi. "Mo wọ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Ìyá Ẹlẹ́yẹ ló fọwọ́ ara rẹ̀ dè é mọ́ mi lọ́rùn. Oyún mẹ́ta ló ti bà jẹ́ lára mi. Ẹ̀wà tá a gbìn lọ́dún yìí, ewé lásán. Ìyá wọ̀ ọ́, ó kú. Kí ló kù?"

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni aládùúgbò kan dá a lóhùn. "Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Ẹ sì wo àwọ̀ rẹ̀. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó Ìyá, funfun báláú ni. Ó ti wá pọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ló ń mu."

Olùkọ́ kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàwé. Àmọ́ oyún mẹ́ta kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ó ká ìlẹ̀kẹ̀ náà sínú aṣọ òtútù kékeré kan, ó fi yẹtí tó bá a lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tì wọ́n mọ́nú àpótí irin ní pálọ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn, ìyàwó rẹ̀ ṣí àpótí náà láàárọ̀ kó lè mú ìwé kan. Igbe tó ké gba gbogbo ilé. Aránṣọ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

"Fọwọ́ kàn án! Mo ní kó o fọwọ́ kàn án!"

Aránṣọ fọwọ́ kan yẹtí. Ó tutù bí òkúta. Ó ti ọwọ́ bọ inú aṣọ, ó kan ìlẹ̀kẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí abẹ́ apá ọmọ tó ń sùn.

"Ó gbóná," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn obìnrin méjèèjì dúró sẹ́yìn aṣọ fèrèsé ilé ìdáná láti ṣọ́ Ìyá Ẹlẹ́yẹ. Olùkọ́ wà nílé ìwẹ̀, omi ń dún. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ìyá Ẹlẹ́yẹ jáde, ó jókòó sórí àpótí ìjókòó kékeré, ó tú ìborùn rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ náà wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń tàn nínú ìkùukùu. Àwọn ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ látorí òrùlé, ọ̀kan, méjì, títí wọ́n fi yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Ọ̀kan gun orí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnu obìnrin náà ń mì, àmọ́ wọn ò gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Ó ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀," ni ìyàwó Olùkọ́ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ti gbá apá aránṣọ mú.

Aránṣọ wo ojú àbúrò ìyá rẹ̀. Ojú ẹni tó ń retí kí omi hó ni. Kò jọ ojú ẹni tó ń ṣe ibi. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ ọ́. Ó mọ̀ pé ó yẹ kóun bẹ̀rù, tàbí kóun bínú. Ó wá ìbẹ̀rù àti ìbínú nínú ara rẹ̀, kò rí ìkankan.

Kí oòrùn tó gòkè, ẹjọ́ ti dé pálọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ń mú kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi?" ni Olùkọ́ bi í.

"Èmi ni, ọmọ mi. Tó o bá lọ wẹ̀, tí ìyàwó rẹ ṣì ń sùn."

"Kí lẹ ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe?"

"Mò ń gbé e sọ́rùn ni. Tí ara èèyàn ò bá kàn án, ó máa ń kú."

"Ẹ gbọ́!" Ìyàwó Olùkọ́ fò dìde. "Ẹ gbọ́ ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ! Ara èèyàn ló ń fún un jẹ!"

"Ìyá wa ló ni ín," ni Olùkọ́ wí. "Ta ló fún yín láṣẹ?"

Obìnrin àgbà náà la ẹnu. Ó wo fọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára ògiri, ó sì pa ẹnu dé. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

"Ẹ kó ẹrù yín kó tó di Sátidé." Olùkọ́ ṣì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, bó ṣe ń lé e jáde.

Ìyá Ẹlẹ́yẹ yíjú sí aránṣọ. "Ìwọ ńkọ́? Ìwọ náà rò bẹ́ẹ̀?"

Aránṣọ ń wo okùn kan tó lẹ̀ mọ́ yẹ̀rì rẹ̀. Ó yọ ọ́.

Ìyàwó Olùkọ́ fẹ́ kí wọ́n dáná sun ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ìgbà yẹn ni aránṣọ tó sọ̀rọ̀: "A kì í sun ohun tá ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́."

Ní Fúráídè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà láàárín ti oníbàtà àti ti olóògùn òyìnbó. Bàbá náà ti darúgbó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àmọ́ bó ṣe mú ìlẹ̀kẹ̀ náà báyìí, ọwọ́ ọ̀hún dúró jẹ́ẹ́. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó tan iná, ó sì fi ọ̀kan nínú ìlẹ̀kẹ̀ ha eyín iwájú rẹ̀.

Ìyàwó Olùkọ́ fò sẹ́yìn. "Baba, ẹ má jẹ ẹ́ o!"

"Ta ló ń jẹ ẹ́? Ayédèrú máa ń yọ̀ létí eyín bíi dígí. Ojúlówó máa ń ha bí iyanrìn. Ẹ tọ́ ọ wò."

Kò sẹ́ni tó gbà àfi aránṣọ. Ó ha bí iyanrìn. Láti ọjọ́ tí Ìyá ti kú, ohun àkọ́kọ́ nìyẹn tó dé inú ara rẹ̀.

Bàbá fi awò kékeré sójú. "Ẹ wò ó, kò sí èyí tó rí rogodo délẹ̀, kò sì sí méjì tó bára dọ́gba. Ihò wọn tín-ín-rín, kò sí ọ̀dà tó ń ṣí létí ẹ̀. Wọ́n ta okùn ní kókó láàárín ìkan sí ìkejì, kó má bàa dà sílẹ̀ tó bá já. Nǹkan ẹlẹ́mìí tó ń gbé inú ìkarahun lábẹ́ òkun ló ṣe gbogbo eléyìí."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ló wá mu tó fi pọ́n?" ni ìyàwó Olùkọ́ bi í.

"Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Ogbó ni. Tèmi náà ti pọ́n." Ó la ẹnu, ó fi eyín hàn án.

"Nínú fọ́tò ìgbéyàwó Ìyá, funfun ni."

"Fọ́tò ayé àtijọ́, tí kò ní ju dúdú àti funfun lọ? Àwọ̀ wo lẹ fẹ́ kó ní níbẹ̀?"

"Ó gbóná nínú àpótí, Baba," ni aránṣọ wí.

"Kò tíì pẹ́ tí ẹnì kan bọ́ ọ lọ́rùn nìyẹn. Ó máa ń gba ooru ara, tí wọ́n bá sì ká a sínú aṣọ òtútù, kì í tètè tutù." Ó mú yẹtí, ó gbé e síwájú wọn. "Iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni. Ẹ wo bí èyí ṣe gbẹ, tó là. Inú àpótí ló wà títí, kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Ó ti kú. Ẹnì kan ti ń wọ ti ọrùn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Ẹni yẹn ló gbà á là. Ẹ bá mi kí i."

Olùkọ́ béèrè iye tó tó.

"Ó dà bíi pé òkun ló ṣe é fúnra rẹ̀, pé kì í ṣe èyí táwọn èèyàn ń sìn. Mi ò lè búra. Ní ìlú ńlá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo egungun ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Tó bá rí bí mo ṣe rò, ó tó ilé kan rà. Ẹ̀yin lẹ ni ín?"

"Ìyá wa ni."

Bàbá yí ìdè wúrà tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ padà. "Ìyá yín ni àbúrò?"

"Rárá. Àwọn méjì ni wọ́n, òun làgbà."

Ó na awò sí aránṣọ. Lẹ́yìn ìdè náà, wọ́n fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó họ lẹ́tà wíńní-wíńní síbẹ̀: FÚN ÀBÚRÒ.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Ẹlẹ́yẹ ti lọ. Kò dúró de Sátidé. Yàrá rẹ̀ mọ́ tónítóní, bíi pé kò sẹ́ni tó gbé ibẹ̀ rí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wá a kí wọ́n tó rí i lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ alágbàfọ̀, níbi tó ti ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Olùkọ́ kúnlẹ̀, ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà síwájú rẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Bàbá wa fún ìyá yín ní ilé, ó fún mi ní ìlẹ̀kẹ̀. Ìyá yín yá a lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, kò dá a padà. Ó ti sọ fún gbogbo yín pé tòun ni. Láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ tó jí, ó máa ń gbé e fún mi pé kí n wọ̀ ọ́ fúngbà díẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀la kó kú, ó ní òun á dá a padà fún mi lójú gbogbo yín. Bóyá ìdí tó fi wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ṣé kí n wá máa bá òkú du nǹkan lójú àwọn ọmọ rẹ̀?" Ó gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ nàró. "Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Àmọ́ mi ò padà sí ilé yẹn mọ́." Ó yíjú sí ìyàwó Olùkọ́, tó ń sunkún. "Ìwọ, lọ sí ọsibítù. Kí àwọn tó mọ̀ ọ́n wo ara rẹ."

Ó lọ lóòótọ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ti ọmọ inú rẹ̀ ni kì í bára mu, pé abẹ́rẹ́ kan wà tó yẹ kí wọ́n ti gún un láti ìgbà oyún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn dìgbà tó yá.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí tọkọtaya náà lọ, aránṣọ kò bá wọn lọ.

"Tìẹ ló dùn mí jù," ni obìnrin àgbà náà wí, kò gbójú sókè. "Àwọn yẹn tiẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò ṣe é. Mo ti mọ̀ lójú fèrèsé."

"Kí ló dé tó ò wí nǹkan kan?"

"Mi ò mọ̀. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí. Bíi kí n máa wo ilé onílé."

Obìnrin náà ká aṣọ tó ti lọ tán, ó sì mú òmíràn. Kò sọ pé òun dárí jì í. Kò sì ní kó máa lọ.

"Aṣọ mọ́kànlá ló kù," ló wí. "Lọ fọwọ́, kó o wá bá mi di etí kejì mú."

Aránṣọ fọwọ́. Ó di etí kejì mú.