Ẹni Tó Máa Di Sìlíńdà Mú

"Èmi ò nílò ẹnikẹ́ni láyé yìí!"

Eléyín ló sọ bẹ́ẹ̀, ní gbangba pápá, létí gbogbo àwọn tó wá fi bàálù kékeré ṣeré. Ó tún fọwọ́ gbá àyà, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò fún. "Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ló to bàálù yìí láti imú dé ìrù. Ẹ sún sẹ́yìn, mo fẹ́ tanná sí i."

Bàálù náà tó fi yangàn lóòótọ́. Ó gùn tó ìbùsùn ọmọdé, ó funfun nini, ìlà pupa kan sì sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kì í ṣe irú èyí tí bátìrì ń yí abẹ̀bẹ̀ imú ẹ̀ o. Ẹ́ńjìnì jẹ́ẹ̀tì gidi ló wà níkùn rẹ̀, tó ń mu kẹrosíìnì, tó ń tu afẹ́fẹ́ gbígbóná nídìí, tó sì ń han goooro débi pé gbogbo ajá àdúgbò á wá ibi sá gbà. Ẹni tó ni ín á dúró sílẹ̀ pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́, bàálù á sì máa ṣe bó ṣe wí lókè.

Olùtọ́jú pápá, ọkùnrin kúkúrú kan tó so fèrè mọ́rùn bíi rẹfirí, kò tiẹ̀ wo bàálù. Ẹ̀gbẹ́ Eléyín ló ń wò. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń wá, sà?"

"Ẹni tó máa di sìlíńdà ìpaná mú fún ẹ."

"Èmi náà ni."

"Ta ló máa di rìmóòtù mú?"

"Èmi náà ni."

"Tí iná bá wá sọ, ta ló máa pariwo pé ká gbà á?"

"Èm..." Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹnìkan kì í dá tan jẹ́ẹ̀tì níbí," ni olùtọ́jú wí. "Lọ wá èèyàn wá."

"Mo lè ra sìlíńdà lónìí yìí."

"Èèyàn ni mo ní kí o mú wá. Mi ò ní kí o mú irin wá."

Báyìí ni ẹni tí kò nílò ẹnikẹ́ni ṣe gbé bàálù rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, tó jókòó sídìí ọkọ̀, tó ń yí orúkọ inú fóònù lọ, tó ń yí i bọ̀. Eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe jẹun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Eléyín. Kò sí òpópónà tó gbà ládùúgbò tí ẹnu kan kì í fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo fóònù yẹn: Màmá Eyín Iwájú. Bàbá Eyín Ọ̀tún. Onílé. Onílé Tuntun. Kò sí ẹyọ orúkọ kan tó lè pè pé, "Jọ̀ọ́, wá dúró tì mí." Ó pa fóònù. Èémí òun nìkan ló bo gíláàsì ọkọ̀.

Ó lọ ra sìlíńdà náà. Irin, ó kéré tán, kò lè sọ pé òun ò ráyè.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á, obìnrin kan jókòó láàárín àwọn sìlíńdà pupa, ó gbé ọ̀kan lé itan, ó ń fi aṣọ tútù nu ọrùn rẹ̀ bí ìyá ṣe ń nu ọrùn ọmọ. Oòrùn ẹnu ọ̀nà bà lé àwọn sìlíńdà wọ̀nyẹn, pupa wọn sì tàn sí i lójú. Eléyín gbàgbé ohun tó wá rà.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Irú iná wo lẹ fẹ́ pa?"

"Jẹ́ẹ̀tì. Iná jẹ́ẹ̀tì."

Obìnrin náà wo sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. "Jẹ́ẹ̀tì tiyín?"

"Kékeré ni."

"Ẹ ò bá tètè sọ! Mo ti fẹ́ dìde kúnlẹ̀ kí olówó." Ó gbé sìlíńdà kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀. "Oní-gáàsì nìyí. Iná á kú, ẹ́ńjìnì á yè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oní-páúdà fún yín. Òun náà á pa iná, àmọ́ páúdà á wọ inú ẹ́ńjìnì, á ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ta ló máa bá yín dì í mú?"

"Háà! Kí ló dé tí gbogbo yín ń bi mí ní ìbéèrè kan náà?"

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó mọ irú ohùn yẹn. Bàbá rẹ̀, ọ̀gá panápaná tó ti fẹ̀yìn tì, ló ni ṣọ́ọ̀bù. Òun ọmọ ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Panápaná, kò sì sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn panápaná nígbà tí nǹkan ò bá jó. Lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan ṣoṣo ló pè é lórí fóònù: oníbàárà tó fẹ́ dá sìlíńdà padà.

"Mo lè wá dì í mú," ló wí, ó sì yára tẹjú mọ́ aṣọ ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní òun á kọ́kọ́ wá wo bàálù nílé. Yàrá Eléyín mọ́ tónítóní bí ibi tí wọ́n ti ń fa eyín. Ìyẹ́ bàálù ló wà lórí tábìlì oúnjẹ, àga kan ṣoṣo ló sì wà nídìí tábìlì ọ̀hún, ìrù bàálù ló jókòó sórí rẹ̀.

"Níbo lẹ ti ń jẹun?"

"Mo máa ń dúró jẹun ni."

"Ẹ dúró kí bàálù lè ráyè jókòó?"

Obìnrin náà na ọwọ́ sínú ikùn bàálù, ó fa táǹkì epo díẹ̀. Táǹkì mì. Ó fa rọ́bà tí epo ń gbà kọjá. Rọ́bà bọ́ sí i lọ́wọ́ wẹ́rẹ́. Ẹni tó to bàálù láti imú dé ìrù wo rọ́bà, ó wo àjà.

"Sà, epo lẹ fẹ́ dà sórí ẹ́ńjìnì gbígbóná ni? A máa tú u. Gbogbo ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, tí àwọn méjèèjì bá ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n fi ìgbànú di táǹkì mọ́lẹ̀. Wọ́n fi irin wẹ́wẹ́ fún orí rọ́bà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ yí páìpù èéfín ká, kí ooru má fara kan ara bàálù. Wọ́n ta àwọ̀n sí ẹnu tó ń fa afẹ́fẹ́, kó má baà fa àkísà wọlé. Eléyín á dì í, á bi í pé, "Ó dúró?" Obìnrin náà á fà á bí ẹni ń bá a jà, á ní, "Ó dúró." Wọn kì í fọwọ́ kan òmíràn títí ìdáhùn yẹn á fi wá.

Láàárín "ó dúró" kan sí èkejì, "sà" sọnù. "Ẹ" di "o". Lọ́jọ́ kan obìnrin náà fi onílé tuntun Eléyín ṣẹ̀fẹ̀, Eléyín sì ya ẹnu rẹ́rìn-ín.

"Yéè! O ní eyín!" ni obìnrin náà ké. "Mo ti rò pé o ti tà wọ́n tán."

"Ìwọ ni mo tọ́jú wọn dè."

"Eyín wúrà mi," ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Eléyín lọ ra àga kejì.

Bàbá obìnrin náà gbọ́, bàbá fárígá. "Gbogbo ayé mi ni mo fi pa iná. Ọmọ mi á wá lọ fẹ́ ẹni tó ń dá a sílẹ̀ fún ìgbádùn?"

"Bàbá, kékeré ni."

"Èyí tó jó ilé ìtàwé náà, kékeré ni nígbà tí mo dé ibẹ̀."

Ọjọ́ tí wọ́n máa tan jẹ́ẹ̀tì pé. Olùtọ́jú pápá wo ẹ̀gbẹ́ Eléyín, ó rí obìnrin kan tó di sìlíńdà gáàsì mú, ó gbà fún wọn. Eléyín na ara tàntàn. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ́ńjìnì yí, ó kùn, kò mú. Ó kú.

"Gbé imú ẹ̀ sókè," ni obìnrin náà wí, "kí epo tó kù nínú ẹ̀ ṣàn jáde. Ìwọ lo kọ́ mi."

"Wọ́n ń wò wá, ọkàn mi. Ó máa mú báyìí."

"Kúrò lẹ́yìn ẹ̀, ó kéré tán!"

Eléyín ti tẹ̀ ẹ́. Epo tó ti kó jọ gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Iná yọ nídìí bàálù, ó gùn ju bàálù fúnra rẹ̀ lọ, ó bọ́ sórí koríko, ó sì gun ẹsẹ̀ ṣòkòtò Eléyín. Obìnrin náà fẹ́ gáàsì sẹ́nu ẹ́ńjìnì bí wọ́n ṣe jọ fi kọ́ra. Gáàsì tán, iná ṣòkòtò ò kú. Ó yí padà, ó já sìlíńdà oní-páúdà gbà lọ́wọ́ olùtọ́jú pápá, ó sì da gbogbo ẹ̀ bolẹ̀: ṣòkòtò, èèyàn, bàálù.

Nígbà tí eruku lọ, Eléyín funfun bí ògiri tuntun, ojú méjì péré ló ń dán. "Páúdà! O da páúdà sínú ẹ́ńjìnì mi!"

"Ṣòkòtò ẹ ń jó."

"Ṣòkòtò, mo ní òmíràn! Ẹ́ńjìnì, ẹyọ kan ni mo ní!"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà rọra gbé sìlíńdà òfìfo kalẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èèyàn wà nínú ṣòkòtò yẹn," ló wí. Ó sì lọ.

Eléyín fi ẹ́ńjìnì ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe é, wọ́n fọ páúdà kúrò nínú rẹ̀, wọ́n dá a padà. Kò kúkú kú. Ó jókòó láti tò ó. Ó di táǹkì. "Ó dúró?" Omi ń kán nínú ilé ìwẹ̀. Ó di rọ́bà. "Ó dúró?" Ọkọ̀ kan kọjá lójú títì. Ó fà á fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó di nǹkan ò lè fà á bí ọ̀tá. Ó wo àga kejì. Bàálù ò jókòó sórí ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò jókòó sórí ẹ̀. Eléyín padà dúró jẹun.

Níbi iṣẹ́, màmá arúgbó kan fi eyín tuntun sẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín sí dígí, ó ní, "Ọmọ mi, wá wò mí!" Eléyín wò ó, ó ní ó dáa, ó sì sá wọ yàrá ẹ̀yìn lọ nu ojú. Ní ṣọ́ọ̀bù, Panápaná ń nu sìlíńdà tó ti mọ́, bàbá rẹ̀ sì ń wò ó.

Nígbà tí Eléyín kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá nìkan ló bá ní iwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Kí lo fẹ́ rà?"

"Mo wá tọrọ àforíjì, sà."

"A ò tà á níbí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Mo ti dá gbé pẹ́ débi pé iná mú mi, mi ò ka ara mi mọ́ ohun tó lè jó. Òun ló kà mí mọ́ ọn. Mo sì fi igbe dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Nǹkan kan dún gbàù lẹ́yìn àwọn sìlíńdà, bí ẹni pé ẹnì kan gbàgbé pé òun ń fara pamọ́. Bàbá ò yíjú.

"Gbé pàǹtírí oníná yẹn wá sí pápá ní Sátidé. Èmi fúnra mi ni mo máa yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ohunkóhun bá mì nínú ẹ̀, má padà wá síbí mọ́."

Ní Sátidé, bàbá wọ bàtà iṣẹ́ àtijọ́, ó fa gbogbo rọ́bà, ó gbọn táǹkì, ó ti ìyẹ́. Kò sí èyí tó mì. Inú ẹ̀ ò tiẹ̀ dùn sí i. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú sìlíńdà gáàsì. Kò tíì bá Eléyín sọ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n so bàálù mọ́lẹ̀, wọ́n tan án, ó mú, ó ń han goooro.

"Tí rìmóòtù ọwọ́ ẹ bá kú ńkọ́?" ni bàbá kígbe. "Á fò lọ jó ilé ẹlòmíì?"

"Á pa ara ẹ̀, sà. Tí kò bá ti gbọ́ ohùn mi mọ́, á dákẹ́."

"Jẹ́ kí n rí i."

Eléyín pa rìmóòtù. Igbe ẹ́ńjìnì wálẹ̀, ó wálẹ̀, ó kú.

"Ìwọ ńkọ́?" ni bàbá wí. "Nígbà tí o ò gbọ́ ohùn ọmọ mi mọ́, kí ni ìwọ ṣe?"

Eléyín wo bàálù. "Èmi náà dákẹ́, sà."

Bàbá tún gbọn táǹkì wò. Obìnrin náà ló sọ̀rọ̀. "Gbé imú ẹ̀ sókè. Kí epo tó kù ṣàn jáde."

Wọ́n tú u kúrò lórí okùn, Eléyín gbé e sókè lójú ẹsẹ̀. Epo ń kán tó, tó.

"Ó ti tó?"

"Kò tíì tó."

Apá Eléyín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. "Olólùfẹ́ mi, kí n tó gbé e kalẹ̀... ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Apá ń dùn ẹ́?"

"Gan-an ni."

"Jẹ́ kó dùn ẹ́ díẹ̀ sí i." Ó rìn wá síwájú, ó fi ọwọ́ kan gbé ìrù bàálù ràn án lọ́wọ́, sìlíńdà ṣì wà ní apá kejì. "Mo gbà. Gbé e kalẹ̀, Eyín wúrà mi."

Ó fò lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó gbéra bí ẹni tí wọ́n ti dè mọ́lẹ̀ tipẹ́, ó fi ìlà pupa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn wá, ó yí padà, ó sì balẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn ará pápá patẹ́wọ́ títí. Olùtọ́jú fọn fèrè láìnídìí, ó sì lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀ kan kó lè fọn imú. Àwọn méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú bàbá kó lè súre fún wọn, gbogbo èèyàn sì sún mọ́ wọn láti gbọ́.

Bàbá wo ojú ọ̀run. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ta nínú ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì ló máa wá bá mi ti ṣọ́ọ̀bù?" ló wí.