Gìgísẹ̀ Baba Apẹja

Lọ́jọ́ tí ìròyìn dé pé Àmá, ìyá tó bí ìyá mi, ti dákẹ́ ní abúlé wa lẹ́bàá ìlú Tainan, mo ń kàwé ìdánwò nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Egbò tí bẹ́ẹ̀dì ń dá sí ẹni tó bá dùbúlẹ̀ pẹ́ lára ló pa á. Ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n ni. Kí n tó kúrò nílé, èmi ni mo ń fi ọtí tí a rẹ òdòdó pupa sí ra á láràárọ̀, bí wọ́n ti ń ṣe nílé wa láti ayébáyé. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo kà á nínú ìwádìí pé fífọwọ́ ra ibi tó bá ti pọ́n máa ń ba ẹran abẹ́ awọ jẹ́.

Ní oṣù kejì lẹ́yìn ìsìnkú náà, wọ́n rán mi lọ kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn àgbà nọ́ọ̀sì ń kọ ohun tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ lè ṣe kí a tó gbà pé ẹ̀rí ìwádìí ló fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe àṣà lásán. Ẹ̀gbọ́n Qiu, tó ń fún mi ní máàkì, wà lára wọn. Ó na ìgò irú ọtí yẹn sí mi, mo gbà á.

"Peiyun, fi ra gìgísẹ̀ Baba Xu. Ó ti ń pọ́n."

Bí ó bá fún mi ní òdo, màá tún ìkọ́ṣẹ́ náà ṣe. Ta ni yóò mọ̀ bí mo bá rọra ra á?

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè ṣe é. Ìwádìí ní ó léwu."

"Ẹ gbọ́ o! Ta ló fún ọmọ yìí ní ọ̀pẹ̀yìnbó jẹ, èèwọ̀ àwa nọ́ọ̀sì, tó fi gbé wàhálà wọ wọ́ọ̀dù wa? Ogún ọdún ni mo ti ń ra gìgísẹ̀!"

"Ẹ má fi ẹsẹ̀ mi jà o," ni Baba Xu wí láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Apẹja ni. "Mo ṣì fẹ́ fi wọkọ̀."

"Ṣé wàá ra á, àbí kí n kọ òdo?"

"Ẹ kọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Ó sì kọ ọ́.

Mátírọ́ọ̀nù Lai gbọ́ ariwo wa. "Ẹ̀rí rẹ dà?" ló bi mí. Mo kó ìwádìí mẹ́ta fún un. Ó kà wọ́n lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ẹ̀gbọ́n Qiu.

"Èmi ni mo kọ́ ọ láti máa fi ọtí yẹn ra aláìsàn. Àwa méjèèjì la ṣì í. Òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n oògùn ni."

Ẹ̀gbọ́n Qiu gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, ó dà á nù. Òdo mi kò parẹ́. Ohun tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀, wọn kì í pa á rẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo tún ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún ìwé wọn: kí nọ́ọ̀sì lè béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ, kó sì lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó kéré sí i.

Ìfẹ́ nìkan kò tó láti fi tọ́jú èèyàn. Mo fẹ́ràn Àmá, síbẹ̀ ọwọ́ mi pa á lára. Ẹni tó bá mọ òtítọ́ tó sì dákẹ́ nítorí máàkì, òun náà ti lọ́wọ́ nínú àṣìṣe náà.

Ní ọjọ́ tí a da ọtí náà nù, mo ki ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ Baba Xu, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì mọ́. Mo pe orúkọ Àmá jẹ́jẹ́, mo sì rọra yí baba náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì.