Fọ́tò Ìbejì Ara Ògiri Mọ́ọ̀lù

"Màmá, ẹ tún ti padà dé? Mo rò pé ẹ ti délé tipẹ́!"

Bí Awwal, sẹkúríìtì oníkùn gbẹ̀ǹdù tó ń ṣọ́ mọ́ọ̀lù tuntun tó wà nítòsí stéṣàn rélùwéè ní Òṣogbo, ṣe kí Ìyá àgbà nìyẹn. Ìyá àgbà dúró, ó ń wò ó. Lójú tiẹ̀, kò rí ọkùnrin náà rí. Èyí tó tún rú u lójú jù ni pé kò rántí ọkọ̀ tó wọ̀ débẹ̀. Ó kàn bá ara rẹ̀ nídìí ògiri ni, òtútù ilẹ̀ ń mú un lẹ́sẹ̀, kò sì wọ bàtà.

Ẹ jẹ́ n là á yé yín. Àwọn tó ni mọ́ọ̀lù náà ló ní káwọn ìdílé àtijọ́ mú fọ́tò ayé ọjọ́un wá, káwọn sọ ọ́ di ńlá, káwọn gbé e kọ́ sára ògiri, kí ẹni tó bá wá ra búrẹ́dì àti ọṣẹ lè rí bí Òṣogbo ṣe rí kó tó dayé tiwa yìí. Kàmál, ọmọ ọmọ Ìyá àgbà, ló mú fọ́tò ìbejì lọ fún wọn. Inú wọn dùn nílé, àfi bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìkómọ!

Àmọ́ fọ́tò náà ní ìtàn. Ìbejì ni wọ́n bí Ìyá àgbà, Táyé ni òun, Kẹ́hìndé ni èkejì. Kẹ́hìndé ò dàgbà. Nílé wọn, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó lọ sọ́jà. Nígbà tí ìyá wọn wá fẹ́ fọ́tò àwọn méjèèjì, onífọ́tò ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìgbà náà: ó ya Táyé nìkan, ó wá tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan. Ọmọ méjì bá dúró ti ara wọn, aṣọ kan náà, ojú kan náà, ẹsẹ̀ lásán. Títí ìyá wọn fi lọ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ èkejì níwájú fọ́tò náà.

Ìyá àgbà gbójú sókè. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà lára ògiri. Ibi tí èkejì dúró sí ṣófo, ó funfun báláú.

"Ta ló yọ ọ̀kan kúrò ńbẹ̀?" Ó bi Awwal.

Awwal wo ògiri. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. "Háà! Àwọn méjì ló wà ńbẹ̀ láàárọ̀ tẹ́ ẹ wá. Ẹ ń jó, ẹ ń fọwọ́ pa wọ́n lórí, gbogbo èèyàn ń bá yín yọ̀. Lẹ́yìn náà lẹ wá rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ ní, 'Kẹ́hìndé, ọjà yìí mà pẹ́ o. Jẹ́ ká máa lọlé.'"

"Èmi kọ́."

"Ṣé màá wá máa parọ́ mọ́ ìyá mi ni? Àbí ogbó ti dé ni, Màmá?"

Orí Ìyá àgbà wú. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò lójútùú. Ohun kan ṣoṣo tó dá a lójú ni pé ìrun Alásárì ti kọjá, òun ló sì ń wẹ Àrẹ̀mú, ọmọ tuntun tí Salmah ọmọ ọmọ òun bí. Ọmọ náà kì í gbà kẹ́lòmíì wẹ òun. Á ké títí ohùn á fi há. Ó wá fóònù nídìí ìró, kò rí i. Ó bẹ Awwal, ó pe nọ́ńbà Salmah fún un, ìyẹn sì bá a tẹ̀ ẹ́.

"Salmah, má bínú, mo ń bọ̀ wá wẹ ọmọ."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni jàre. Ìyá àgbà ẹ."

Lẹ́yìn Salmah nínú fóònù, omi ń ró nínú báàfù, ẹnì kan ń kọrin fún ọmọ. Ìyá àgbà mọ ohùn yẹn. Ohùn òun alára ni. Àrẹ̀mú ò sì ké.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣeré," Salmah wí jẹ́jẹ́. "Ìyá àgbà ló ń wẹ ọmọ níwájú mi yìí."

"Irọ́ ni! Wo orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò yẹn ni mo ṣubú lé irin rélùwéè. Ìwọ náà mọ àpá ẹ̀. Wò ó!"

"Mò ń wò ó. Àpá náà nìyí. Ta lẹ̀yin gan-an?"

Ìyá àgbà ká ìró sókè. Orúnkún rẹ̀ ń dán, ó jọ̀lọ̀ bíi tọmọdé. Kò sí àpá, kò sí ìlà kankan. Ó wo ẹsẹ̀ lásán ọmọ tó kù lára ògiri, ó wo tiẹ̀ nílẹ̀. Ó wo àyè tó ṣófo. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yé e díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wọnú aṣọ.

"Salmah," ó ní, "bá mi sọ fún Táyé pé mo gbọ́ nígbà tó pè mí. Mo ti ná ọjà tán. Kó má wẹ ọmọ yẹn tán o, kó ṣẹ́ tèmi kù. Mo ń bọ̀ wálé."

Nínú fóònù, orin dákẹ́. Àrẹ̀mú bú sẹ́kún.