Àmì Pupa Lórí Wáyà Keje

Mo mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi, mo sì máa ń bu iyọ̀ sọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n èyí ṣojú mi, mi ò fi ẹyọ kan kún un.

Alángbá là ń pe ọkọ àbúrò mi. Òun ló ń gun òpó iná. Èmi ló ń jókòó sí yàrá tí a ti ń pa iná, tí a ti ń tàn án. Ẹni tó bá fẹ́ gun òpó á kọ́kọ́ kọ́ páálí pupa sára ògiri. Òun nìkan ló lè sọ̀ kalẹ̀ wá yọ ọ́.

Ọ̀gá wa wá gbé kọ̀ǹpútà tuntun dé, èyí tó ń mọ ibi tí iná ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó pè. Ó ní páálí ti di àmì ojú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá tí kò lè tan fóònù ara rẹ̀!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Alángbá fi nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ sàmì pupa sí wáyà keje lójú kọ̀ǹpútà, mo pa iná ibẹ̀, ó gun òpó lọ. Kò pẹ́, àmì náà kúrò. Ọ̀rọ̀ jáde: "Mo ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ tanná."

Mo pè é.

"Alángbá, o ti sọ̀ kalẹ̀?"

"Sọ̀ kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, orí òpó ni mo wà."

"Ta ló wá yọ àmì rẹ?"

"Èmi kọ́ o. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín kó yé fi kọ̀ǹpútà ṣeré."

Mo rẹ́rìn-ín. Swíìṣì wáyà keje mì. Kò sẹ́ni nídìí rẹ̀. Mo ju fóònù sílẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ó ṣẹ́ ọrùn ọwọ́ mi bí igi ìdáná, ó sì wọlé, gbàà!

Fóònù wà nílẹ̀. Mo gbọ́ igbe kan. Lẹ́yìn náà, ìró ẹran nínú epo gbígbóná. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Bẹ́líìtì ló so ó rọ̀ sórí òpó. Ọwọ́ rẹ̀ ti di èédú dé ìgúnpá.

A sin ín. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá ní ká tanná sí òpópónà tí òpó náà wà. Àmì pupa ti padà sórí wáyà keje. Nọ́ńbà Alángbá ni.

"Yọ ọ́," ni ọ̀gá wí.

"Ẹ̀yin ẹ yọ ọ́, sà."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ jáde: "Mo ṣì wà lórí òpó."

Ọ̀gá sá jáde, bàtà ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Òpópónà náà ṣókùnkùn títí dòní.

Àbúrò mi ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ sí ìdí òpó náà lójoojúmọ́. Nírọ̀lẹ́, á lọ gbé àwo òfìfo. Mo ní ajá ló ń jẹ ẹ́.

Ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ajá wo ló ń fọ àwo?"