Àwo Kejì Ẹgbẹ́ Ẹ̀fọ́rí

"Kúnlẹ̀! Mo ní kí o kúnlẹ̀, kí o tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò rẹ!"

Wáyà ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lórí ní pálọ̀, lọ́sàn-án gangan, tí fèrèsé ṣí sílẹ̀, tí àwọn aládùúgbò sì ń gbọ́. Ọkùnrin aláìnítìjú! Ká ní ó mọ ohun tó ń bọ̀ ni, ì bá ti fèrèsé, ì bá sì kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Gìtá ni Wáyà ń ta nínú ẹgbẹ́ Ẹ̀fọ́rí, àwọn olórin pọ́ńkì tí ariwo wọn máa ń mú kí ife jó lórí tábìlì. Irun orí rẹ̀ tó le gan-an ló sọ ọ́ lórúkọ. Ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ orin wọn, òun náà ló ń kọ ọ́ jáde lẹ́nu, ohùn rẹ̀ ló sì ta àwo wọn àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe àwo kejì tán, àwòrán àbúrò ìyàwó ló wà lára páálí rẹ̀, orúkọ àbúrò náà ni wọ́n sì kọ sábẹ́ gbogbo orin. Ìyàwó ní òun lòun kọ wọ́n. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa, wọ́n ní ìlara ló ń bá a jà. Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tí wọ́n jà lólè ni wọ́n tún ń pè lólè!

Àbúrò náà jókòó sórí àga, ó ń fọwọ́ pa irun. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà sílé nígbà tí kò ríbi sùn, tó fún ní yàrá, tó tún kọ́ lórin! Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

"Àǹtí mi, mi ò bínú sí yín o," ló wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Kí ẹ ṣáà ti gbà pé ẹ purọ́ mọ́ mi."

"Ìwọ ọmọ yìí, o lè wojú mi kí o sọ pé ìwọ lo kọ 'Ẹ Sún'?"

"Èmi ni! Ọjọ́ tí wọ́n gba orin yẹn sílẹ̀ ní sítúdíò, ẹ ò sí níbẹ̀. Ilé lẹ wà tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn yín."

"Háà! Ọlọ́run ń gbọ́ ọ o!"

Ìyá Wáyà, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, fọwọ́ gbá àga. Òun ló pe ìpàdé náà. Ó ti sọ ọ́ láti àárọ̀ pé bí ìyàwó kò bá tọrọ àforíjì kí àwo náà tó jáde, kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ, nítorí òun ò lè bá olè gbé.

"Ìyàwó, o ti dójú tì wá tó. Nígbà tí ohùn rẹ bàjẹ́, ṣé àbúrò rẹ ló bà á jẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Òótọ́ ni pé ọ̀fun dùn ún lẹ́yìn ọjọ́ sítúdíò. Wáyà sì wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rọra sọ fún un pé àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe àwo ní ohùn rẹ̀ ti há, pé kò ṣeé gbọ́ mọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó gbà á gbọ́. Ọ̀fun san, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò kọrin mọ́, kódà ní balùwẹ̀. Bí àwọn aládùúgbò bá ní kó kọ díẹ̀ fáwọn, ṣe ló máa ń sáré wọlé.

Ó yíjú sí Òòlù, onílù wọn, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tó gbé àwo náà lé itan. "Òòlù, o wà níbẹ̀. Sọ ohun tí o mọ̀."

Òòlù wolẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Mi ò fẹ́ dá sí i."

Ojo! Ọkùnrin tó ń lu ìlù jáàsì bí ẹni ń wó ilé, kò rí agbára la ẹnu!

Ìyàwó bá tẹ orúnkún kan ba. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ lóòótọ́. Wáyà rí i, ayọ̀ gùn ún, ó ṣàṣejù.

"Dúró ná! Òòlù, gbé àwo yẹn sórí ẹ̀rọ, kí Màmá fi etí ara wọn gbọ́ ẹni tó wà níbẹ̀. Bí ohùn obìnrin yìí bá wà nínú àwo yẹn, kí n má ta gìtá mọ́ láyé mi!"

Ẹ wo òpònú tó ń gbẹ́ kòtò ara rẹ̀! Ẹgbẹ́ Ẹ̀fọ́rí ní àṣà kan tí Wáyà fi máa ń yangàn. Àwọn olórin mìíràn máa ń gba gìtá sílẹ̀ lọ́tọ̀, ìlù lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀. Ti Ẹ̀fọ́rí kọ́ nìyẹn! Gbogbo wọn á wọ yàrá kan ṣoṣo, wọ́n á bú ramúramù pa pọ̀. "Pọ́ńkì kì í tò sórí ìlà bí ọmọ iléèwé," ni Wáyà máa ń wí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba 'Ẹ Sún' sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìlù Òòlù ni ìyàwó dúró sí, ó ń kọrin kí onílù lè mọ ibi tó máa dúró sí. Lẹ́yìn ìgbà náà ni Wáyà yọ́ mú àbúrò lọ sí sítúdíò, tó pa ohùn ìyàwó rẹ́, tó fi ti àbúrò rọ́pò. Ṣùgbọ́n àwọn máìkì tó wà lára ìlù ti gbọ́ ìyàwó pẹ̀lú, ta ló sì lè yọ ìlù kúrò nínú pọ́ńkì? Àwọn iléeṣẹ́ rò pé elégbè ni. Ní ti Wáyà, gìtá ti jẹ ẹ́ létí tipẹ́, ohùn kékeré kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Orin bẹ̀rẹ̀. "Ẹ sún! Ẹ sún! Ẹ fún mi láyè!" Pálọ̀ ń mì. Nígbà tó dé àárín, gìtá dákẹ́, ó ku ìlù nìkan. Ó yẹ kí àbúrò fa ọ̀rọ̀ ìkẹyìn náà títí gìtá fi máa padà, ṣùgbọ́n èémí tán nínú rẹ̀, ó já a sílẹ̀.

Ohùn kan kò já a sílẹ̀. Ó wà lẹ́yìn ìlù, ó kéré, ó ki, ó ń fà á lọ láìgbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló kígbe:

"Wáyà, rọra! Orin mi lo fẹ́ bà jẹ́ yẹn!"

Màmá dìde. "Ta nìyẹn?"

"Ta ni ta ni?" ni Wáyà bi í. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Òòlù, dá a padà."

Òòlù gbé abẹ́rẹ́ sẹ́yìn. Ohùn náà tún kígbe: orin mi! Òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Òun ló kọ gbogbo rẹ̀. Wáyà sọ fún mi pé ìyàwó òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda orin fún àbúrò rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò jọ òótọ́, mo dákẹ́. Ojú ń tì mí."

Àbúrò fò dìde. "Kì í ṣe èmi o! Wáyà, ìwọ lo ní kí n ṣe é! O ní tí àwo yìí bá ti jáde, wàá lé e, wàá fẹ́ mi!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́!"

"Mi ò ní pa á! Orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n mi lo ti sọ ọ́!"

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà!

"Yéè! Ikú yá ju ẹ̀sín," ni Màmá wí, ó fọwọ́ méjèèjì bojú. "Ọmọ tí mo fi inú mi bí!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó tètè gbá a mú.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Mà. Ẹ ò mọ èyí tó ń tì mí lójú jù. Ohùn ara mi ni o. Ẹlòmíràn sọ fún mi pé kò dáa mọ́, mo sì gbà."

Màmá fúnra rẹ̀ ló kó ẹrù ọmọ rẹ̀ síta. Iléeṣẹ́ ya páálí àwo náà dànù, wọ́n tẹ òmíràn, ìyàwó sì tún gbogbo orin náà kọ. Igbe tó wà lẹ́yìn ìlù yẹn, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin èèyàn mi, igbe yẹn ló gbajúmọ̀ jù! Bí Wáyà bá ń kọjá, wọ́n á máa kígbe láti ojú fèrèsé: "Wáyà, rọra!" Kò sí ẹgbẹ́ tó gbà á. Ìtìjú lé e kúrò ní àdúgbò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò wá sí yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí àwọn tó kù jáde, ó fa àga kan fún un.

"Àǹtí mi, Wáyà ló..."

"Mi ò bi ọ́ léèrè Wáyà."

"Òòlù ní tí mo bá wá bẹ̀ yín, ẹ ó..."

"Mi ò bi ọ́ léèrè Òòlù. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́."

Àbúrò la ẹnu. Ó gbìyànjú, ó tún gbìyànjú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ tirẹ̀ tó jáde.