Ohun Tí Èjìká Bàbá Mọ̀

Bàbá gbé àpò ìdọ̀tí kan níwájú ilé tiwọn lé èjìká, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn. "Kílò mẹ́jọ. Akọ̀wé, kí ni òṣùwọ̀n tìẹ wí?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń pè ní Akọ̀wé, gbé àpò náà kọ́ òṣùwọ̀n. Mẹ́jọ géérégé. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Kólẹ̀kódọ̀tí ni bàbá; ohun tí ọkọ̀ kan ṣoṣo tí àdúgbò wọn ní ò bá lè kó, èjìká rẹ̀ ló ń rù ú. Iṣẹ́ tí tíṣà fún ọmọ ni kó wọn ìdọ̀tí àdúgbò olówó àti ti àdúgbò tiwọn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò. Ẹ̀bùn wà fún ẹni tó bá ṣe é dáadáa jù.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó wọ̀n ọ́n tọkàntọkàn. Ilé olówó kan ń da àpò mẹ́ta nù: páálí, ike omi tí ooru mú wọn rà, oúnjẹ tí wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ bà. Ti ilé Akọ̀wé ò ju àpò kan lọ, èèpo àti eérú.

"Ẹni tó ń rí rà ló ń rí dànù," ni Bàbá wí.

Nígbà tí òjò dé, aṣọ ìbora dùn. Akọ̀wé ní ó rẹ òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Da ti ẹ̀ẹ̀rùn kọ jàre. Ta ló fẹ́ lọ tú ààtàn wò?" Ó sì dà á kọ.

Lọ́jọ́ tó ka iṣẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, tíṣà pe ọ̀gá àwọn kólẹ̀kódọ̀tí. Bàbá náà tẹ̀ lé e wá. Ọ̀gá mi orí. "Òjò ò fi nǹkan kan kún un? A jẹ́ pé ọkọ̀ kejì tí àdúgbò yín ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọndandan nìyẹn."

Bàbá kàn ń fọwọ́ ra èjìká.

Akọ̀wé ò lè wo ọwọ́ yẹn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti kọ ti òjò. N ò wọ̀n ọ́n."

Àwọn ọmọ kíláàsì fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bùn sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ kejì, òjò ń rọ̀ yàà, Bàbá na òṣùwọ̀n sí i. "Ó yá, ìyá oníbẹ́ẹ̀dì." Garawa olówó ní ìdérí, omi ò wọ̀ ọ́. Agbọ̀n tiwọn ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àpò kílò mẹ́jọ di mẹ́rìnlá. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbé ìwé náà tọ ọ̀gá lọ. Kí oṣù tó parí, ọkọ̀ kejì dé.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Akọ̀wé wí, "tí ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, tí ẹ sì jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́."

"Fi èmi sílẹ̀. Èjìká mi ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rántí: iye tí a bá fi irọ́ kọ sínú ìwé, èjìká ẹnì kan ni yóò rù ú.